Ẹ Má Sọ Ilé Mi ní Kémta di Ítálì

Ẹni tó bá nílé ní Kémta nílùú Abẹ́òkúta, tó sì tún lẹ́bìí lókè òkun, kò ní láti wá ọ̀tá kiri mọ́. Mo fẹ́ tètè sọ tẹnu mi kó tó di pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà Ìtokú, káwọn tó mọ̀ mí máa káwọ́ lérí pé, "Ẹ wo Bàbá Ìbejì, ìfẹ̀yìntì ti dà á lórí rú." Ìfẹ̀yìntì ò ṣe mí ní nǹkan kan. Àlejò ló ń ṣe mí.

Bó bá jẹ́ àlejò tó wá kí mi ni, mo lè fara dà á. Ẹni tó wá kíni á jókòó, á jẹ láfún, á béèrè àlàáfíà ìyàwó, á sọ̀rọ̀ òkú ẹbí díẹ̀, á dìde. Àwọn tí mò ń wí yìí kò wá sọ́dọ̀ mi rárá. Wọ́n kàn ń gbabẹ̀ kọjá ni. Ilé mi ni wọ́n ń sùn, ibòmíràn ni wọ́n ń lọ.

Ibi tọ́rọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá rèé. Ọmọ àbúrò ìyá mi kan ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀n. Òun àtọkọ ẹ̀ lọ gbafẹ́ ní Ítálì, wọ́n sì kọ́ ọgbọ́n kan bọ̀. Ìlú kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Orvieto. Orí àpáta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí, ó sì bọ́ sáàárín Róòmù àti Florence, lẹ́bàá ojú irin gẹ́lẹ́. Àwọn ìlú ńlá méjì yẹn, owó ilé ìtura wọn ga, èrò sì pọ̀ níbẹ̀ bí ọjọ́ ọjà. Nítorí náà, arìnrìn-àjò tó gbọ́n á gba yàrá sí Orvieto, á ja ẹrù ẹ̀ sílẹ̀, á wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ lọ wo Róòmù, nígbà tó bá dalẹ́ á padà wá jẹun, á sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó di Florence. Àpótí ò ní kúrò lójú kan.

Ọmọ àbúrò ìyá mi yìí pè mí láàjìn. "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti sùn? Mo ti rò ó dáadáa. Abẹ́òkúta gan-an ni Orvieto wa! Àpáta wà níbẹ̀, ọkọ̀ ojú irin wà níbẹ̀, ó sì wà láàárín Èkó àtÌbàdàn. Ọ̀dọ̀ yín la máa fi ṣe ibùdó."

Ta ni Ẹ̀gbá tó máa gbọ́ èyí tó máa sọ fún ọmọ ìyá ẹ̀ pé àyè ò sí? Kí wọ́n lè máa fi orúkọ mi ṣe àpẹẹrẹ èèyàn burúkú nípàdé ẹbí? Mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Wọ́n sì bọ̀ lóòótọ́. Òun, ọkọ ẹ̀, àwọn ọmọ, àti ọ̀rẹ́ wọn kan láti Atlanta tó ní òun ń wá orírun òun bọ̀. Àwọn ọmọ mi bọ́ sórí ẹní ní pálọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, wọ́n tẹ́ máàpù sórí tábìlì oúnjẹ mi, wọ́n ń fi bírò pupa sàmì sí i bí ọ̀gágun: Ìjẹ̀bú-Òde, Ìbàdàn, Òṣogbo, Àgbádárìgì. Mo tẹ́ ọrùn wò ó bóyá wọ́n sàmì sí Abẹ́òkúta. Wọ́n sàmì sí i. Àmì ilé ni wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n ya bẹ́ẹ̀dì kékeré sínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin yìí ná, torí òun ni wọ́n ń fi yangàn. Ọkọ̀ náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Láti June 2021 tí wọ́n ti ṣí i, ó ń na kìlómítà 157 láàárín Èkó àtÌbàdàn, ibùdókọ̀ wa sì wà ní Ládérìn, wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é. Ti Èkó, ní Èbúté-Mẹ́tta, orúkọ Mobọ́lájí Johnson ni wọ́n fi pè é. Ti Ìbàdàn, ní Mọníyà, orúkọ Awólọ́wọ̀ ni. Orúkọ ńlá-ńlá. Ṣùgbọ́n Ládérìn kì í ṣe Kémta. Ẹ̀yìn ìlú ni. Ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ ti kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ tán, ta sì ni yóò gbé e dé Ládérìn nírú àsìkò bẹ́ẹ̀? Ní Orvieto, mo gbọ́ pé ọkọ̀ kan wà tí okùn irin ń fà láti ibùdókọ̀ ìsàlẹ̀ gòkè lọ sínú ìlú. Ní Kémta, ọkọ̀ mi tí kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ń yọ ló ń ṣe iṣẹ́ okùn irin náà, èmi sì ni mò ń wà á, pẹ̀lú fìlà ìsùn lórí.

Mọníyà fúnra ẹ̀ kì í ṣe àárín Ìbàdàn. Ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀ tó ń lọ wo gbọ̀ngàn Màpó ṣì ní ìrìn-àjò mìíràn níwájú. Wọ́n pè mí láti ibẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, àwọn onítakisí yìí ń pe owó gọbọi. Ṣé ẹ ò lè sún mọ́ wa?" Kí n sún mọ́ wọn! Láti Kémta dé Mọníyà!

Àwọn ìlú tó kù tí wọ́n sàmì sí ńkọ́? Ọkọ̀ ojú irin Ládérìn ò dé Ìjẹ̀bú-Òde. Kò dé Òṣogbo. Kò dé Àgbádárìgì. Ọkọ̀ mi ni ojú irin tó dé gbogbo ibẹ̀. A gba Ṣìún, a gba Ṣágámù, a já sí Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ ọdún Ojúde Ọba, tí í ṣe ọjọ́ kẹta Iléyá. Àtìgbà tí àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ti gba ayé kan lọ́dún 2024 ni gbogbo ará òkè òkun ti fẹ́ fojú ara wọn rí i. Ó dùn ún wò, àwọn regbéregbé múra, ẹṣin ń jó, aṣọ ń dán. Inú ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ ìró ìlù rẹ̀, torí kò síbi tí mo lè páàkì sí, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ kúlà.

Òṣogbo la fẹ́ fi ọjọ́ kan lọ ká sì bọ̀. Igbó Ọ̀ṣun yẹn, àjọ UNESCO ti kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ogún àgbáyé láti ọdún 2005, ó yẹ kéèyàn rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ti Kémta lọ kó sì padà sùn ní Kémta, odindi Ìbàdàn ni yóò là kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ẹ ẹ̀ ṣe sun ibẹ̀ mọ́jú?" Ọkọ ọmọ àbúrò ìyá mi dá mi lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé, "Bọ̀ọ̀dá, ibùdó lèyí tá a wà yìí. Ká má kúrò níbùdó ni gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀." Ọgbọ́n ibẹ̀, ẹ̀yìn mi ló ń pọn ọ́n.

Epo ńkọ́? Ẹ̀yin náà mọ̀. Lítà tí kò tó 200 náírà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí May 2023 ti ju 1,000 lọ kí ọdún 2024 tó parí. Táǹkì mi ò mọ̀ pé ìsinmi làwọn ará Lọ́ńdọ̀n wà. Nígbà tí mo bá yà sílé epo, gbogbo wọn á dorí kọ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Tí mo bá ti sanwó tán, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Áà, Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò jẹ́ ká dá a." Bí Ńẹ́pà bá sì ti mú iná lọ lálẹ́, ẹ̀rọ amúnáwá ni wọ́n á kọ́kọ́ béèrè, torí kámẹ́rà wọn fẹ́ jẹ iná, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń na irun náà fẹ́ jẹ iná.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ló fẹ́ mú omi jáde lójú mi. Ọmọ àbúrò ìyá mi ló fi àwòrán kànga kan hàn mí, tó wà ní Orvieto tirẹ̀ náà. Ní ọdún 1527, àwọn ọmọ ogun ọba Charles Karùn-ún kó Róòmù, Póòpù Clement Keje sì sá lọ fara pamọ́ sí Orvieto, torí orí àpáta le láti gbà. Ó bẹ̀rù pé bí ogun bá sé àwọn mọ́bẹ̀, òùngbẹ ni yóò pa àwọn. Ló bá ní kí wọ́n gbẹ́ kànga. Ó jìn ju àádọ́ta mítà lọ. Àtẹ̀gùn méjì ló yí i po nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìgbésẹ̀ 248, wọn ò sì pàdé ara wọn lọ́nà: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ pọnmi ń gba ọ̀kan, èyí tó ti pọn tirẹ̀ ń gba èkejì gòkè bọ̀. Mo yìn wọ́n. Ọgbọ́n gidi ni. Kànga tèmi, bàbá mi ló gbẹ́ ẹ, kò ní àtẹ̀gùn kankan, okùn àti kèrègbè onírọ́bà ló ní. Àwọn àlejò mi ń wẹ̀ láàárọ̀, wọ́n ń wẹ̀ tí wọ́n bá dé, wọ́n tún ń fọ irun lálẹ́. Ní Orvieto, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń pọn omi. Ní Kémta, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ìyàwó mi náà ò ráyè mí. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń din àkàrà, torí wọn ò lè fi ebi rìn. Oúnjẹ ọ̀sán, inú kúlà ló ń bá wọn lọ. Lálẹ́, wọ́n á dé, wọ́n á ní àwọn kàn fẹ́ jẹ "nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́," wọ́n á sì jẹ ìkòkò tán. Ará Atlanta kì í jẹ ata. Obìnrin yìí ń se ọbẹ̀ méjì lóòjọ́, ọ̀kan fún àwọn èèyàn, ọ̀kan fún orírun. Èyí tó tún wá bí mi nínú jù ni pé lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sÉkòó, Lẹ́kí ni wọ́n ti lọ jẹ ìrẹsì ọ̀fàdà lówó tó lè ra àpò láfún fún wa, wọ́n sì padà wá ròyìn ẹ̀ fún mi bí ẹni tó ti ìsálọ́run dé. Ọ̀fàdà! Ìlú tí ìrẹsì yẹn ti gborúkọ, Ìpínlẹ̀ Ogun níbí yìí ló wà, ní Ọbáfẹ́mi-Owódé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ lè nawọ́ kàn án.

Ó sì ní nǹkan kan tí wọn ò kọ́ bọ̀ láti Ítálì. Ní ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀, àlejò tó bá sùn mọ́jú gbọ́dọ̀ san owó orí ìsùn fún ìjọba ìlú, lọ́tọ̀ sí owó yàrá, ẹnì kọ̀ọ̀kan, òru kọ̀ọ̀kan. Ìwé ẹ̀rí ìsanwó ni wọ́n ń já fún wọn. Ìyẹn ni pé ìlú tí wọ́n bá fi ṣe ibùsùn ń rí nǹkan kan gbà fún ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Mo bi ọmọ àbúrò ìyá mi bóyá òótọ́ ni. Ó ní òótọ́ ni, ó ní kò pọ̀, pé owó kọfí ni. Mo dákẹ́, mo ń wò ó. Òun náà ń wò mí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fẹ́ràn kọfí ni?"

Owó nìkan kọ́ ló ń dùn mí o. Bí wọ́n ṣe fojú fo ìlú mi ló ń dùn mí jù. Ilé tí wọ́n ń sùn yìí, ẹni tó bá rin ìrìn díẹ̀ láti ibẹ̀ á kan agboolé Jojolola, ìyẹn ìyá tó joyè Ìyálóde Ẹ̀gbá lẹ́yìn Tinúubú. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin agboolé yẹn ní Kémta ni iṣẹ́ àdìrẹ ti gbilẹ̀ débi tí Ìtokú fi di ọjà tí gbogbo ayé ń wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ. (Pákí tá à ń jẹ ní láfún náà ni wọ́n fi ń ro ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń yà á, Ẹ̀gbá ò fi pákí ṣòfò.) Ojoojúmọ́ làwọn àlejò mi ń gba iwájú ọjà náà kọjá pẹ̀lú gíláàsì ọkọ̀ tí wọ́n gbé sókè nítorí ooru. Ní Òṣogbo, ọmọ àbúrò ìyá mi rí àdìrẹ, ó ké, ó ra ọ̀pá mẹ́wàá, kò tilẹ̀ ná an. Mo bi obìnrin tó tà á níbi tó ti rà á wá. Ó ní, "Ìtokú ni, Bàbá. Ní Abẹ́òkúta." Ọmọ náà yíjú sí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ibẹ̀ jìnnà sọ́dọ̀ yín?"

Mo ti rò ó títí, mo sì rí i pé àìsàn àlejò yìí ti wà lára ìlú wa tipẹ́. Ogun ló lé àwọn baba wa dé abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830, Ṣódẹkẹ́ olórí wọn ló kó wọn dé, bí Póòpù ṣe sá dé orí àpáta tirẹ̀ náà ni. A ò tíì jókòó dáadáa tí àlejò fi bẹ̀rẹ̀. Freeman, ajíhìnrere Mẹ́tọ́díìsì, dé ní December 1842. Kò pé oṣù kan tí Townsend ti ìjọ Sẹ́mẹ́ẹ̀sì (CMS) náà fi wọlé dé, ní January 1843. Ẹní ẹni àkọ́kọ́ ò tíì tutù tán. Ṣódẹkẹ́ gba àwọn méjèèjì tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Mi ò rí ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí àwọn ìyàwó ẹ̀ sọ ní ilé ìdáná. Townsend tiẹ̀ ṣe dáadáa, ó padà wá, ó dúró, ó fi Ìwé Ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní 1859 san oore fún wa. Ṣùgbọ́n David Hinderer, ajíhìnrere Sẹ́mẹ́ẹ̀sì bíi tiẹ̀! Ọ̀dọ̀ wa ló ń sùn, Ìbàdàn ló wà lọ́kàn ẹ̀. Ó lọ wò ó ní 1851, ó padà wá, ní 1853 ó kẹ́rù ẹ̀, ó lọ. Ìbàdàn náà ló ṣì wà lọ́kàn àwọn tèmi.

Olúmọ ńkọ́? Ẹ má bi mí. Wọ́n ní ọjọ́ ìkẹyìn làwọn máa lọ, pé kò ní sá lọ. Àtẹ̀gùn wà níbẹ̀ fún alágbára, wọ́n tún ri ẹ̀rọ agbéniròkè mọ́ ọn fún ẹni tí orúnkún ń dùn. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ó rẹ̀ wọ́n. Wọ́n bọ́ sẹ́yìnkùlé mi, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí àpáta náà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ya fọ́tò láàárín aṣọ tí ìyàwó mi sá, wọ́n sì gbé e síta pé àwọn gun Olúmọ. Síńgílẹ́ẹ̀tì mi hàn níbẹ̀ kedere. Àwọn èèyàn ní Kánádà ti kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé ibẹ̀ rẹwà.

Kò sì tán síbẹ̀. Wọ́n ti ròyìn mi kiri. Àwọn tí mi ò gbọ́ ohùn wọn látìgbà ìsìnkú bàbá wọn ń pè mí báyìí láti Toronto, láti Houston: "Bọ̀ọ̀dá, a gbọ́ pé ilé yín bọ́ sójú ọ̀nà." December tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ dé. Ẹ mọ̀ pé ilé ìtura Èkó lóṣù yẹn ń gba owó tó lè kọ́ ilé. Nítorí náà, Lẹ́kí ni wọ́n fẹ́ jó, Kémta ni wọ́n fẹ́ sùn. Ṣé wọ́n mọ ọ̀nà Ìfọ̀ àti Sàngó lóru? Ṣé wọ́n mọ bí kòtò ibẹ̀ ṣe jìn tó? Wọn ò mọ̀, wọn ò sì fẹ́ mọ̀, torí èmi ni wọ́n ń retí pé kí n ṣí géètì láago mẹ́ta òru, kí n sì béèrè bí eré ṣe rí.

Ìyàwó mi ló wá mú ọ̀rọ̀ kan wá tó wọ̀ mí létí. Ó ní Peckham náà ò burú fún ibùdó. Ọkọ̀ ojú irin pọ̀ níbẹ̀. Èèyàn lè lọ Manchester kó bọ̀, kó lọ Edinburgh, kódà ọkọ̀ ojú irin wà tó ń gba abẹ́ omi lọ sí Paris. Mo pe ọmọ àbúrò ìyá mi láàjìn, bó ṣe máa ń pè mí. Mo ní èmi, ìyàwó mi, àwọn ìbejì àti Alàgbà kan nínú ìjọ wa tó fẹ́ mọ orírun àwọn òyìnbó, ọ̀dọ̀ ẹ̀ la máa fi ṣe ibùdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Fóònù dákẹ́. Mo rò pé owó inú ẹ̀ ti tán. Nígbà tó yá, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ mọ̀ pé yàrá ibí kéré. Onílé ò sì gbà á. Tí ẹ bá fẹ́, mo lè bá yín wo òtẹ́ẹ̀lì." Ó tiẹ̀ bá mi wò ó lóòótọ́, ó fi iye owó ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ilẹ̀ tó mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹbí mi níbi gbogbo, mo bẹ̀ yín, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wá kí mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, láfún wà níná. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi Abẹ́òkúta ṣe Orvieto, kó kọ́kọ́ fi odindi ọjọ́ kan gun Olúmọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara ẹ̀, kó ra àdìrẹ ní Ìtokú, kó sì ná an. Lẹ́yìn náà, òtẹ́ẹ̀lì wà ní Ìbarà, òtẹ́ẹ̀lì wà ní Òkè-Ìlẹ̀wó, ọkọ̀ Èkó wà ní gárééjì Kútọ̀ láti àárọ̀ kùtùkùtù. Mo ti bá yín béèrè iye owó wọn. Ẹ pè mí, mo máa fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.